Dìgírì òwò lọ́nà yíyá ní ilé-ìwé Kristẹni: èwo ni kí òṣìṣẹ́ tó ń gbé Ìbàdàn mú?

Ohun mẹ́ta péré ló ń mú dìgírì yá. Èkíní, kí ilé-ìwé gba ohun tí ẹ ti kà sẹ́yìn, bíi ND, NCE, HND tàbí JUPEB (ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan tí wọ́n ń fi wọ 200 level), kí wọ́n fi dípò ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, kí wọ́n ká kọ́ọ̀sì tí àwọn mìíràn ń fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin kà sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí márùn-ún, kí ẹ sì máa kà lọ láìsí ọlidé gígùn. Ẹ̀kẹta, kí iye kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kéré sí ti dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ọ̀nà kẹrin, ìwé-ẹ̀rí ló ń tà, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Àsọdùn kọ́ nìyẹn. Ní ìparí oṣù Kejìlá 2023, ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé e jáde bí akọ̀ròyìn wọn ṣe gba dìgírì yunifásítì kan ní orílẹ̀-èdè Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì fi ìwé náà wọ iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àtìgbà náà ni ojú ti le sí ìwé òkèèrè, títí kan ti ẹni tó kàwé gidi. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè bó ṣe yá tó. Ẹ béèrè ohun tó mú un yá.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ló ṣáájú. Fún Business Administration, kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti Maths gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Economics náà sì wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. ND kò lè dí ihò Maths. Ẹni tó gba D7 nínú Maths lè ní upper credit láti Poly Ìbàdàn, wọ́n á ṣì dá a padà lẹ́nu géètì. Kí ó lọ jókòó fún GCE tàbí NECO kí ó tó san kọ́bọ̀ kan fún fọ́ọ̀mù yunifásítì.

Èkejì ni ibi tí ìwé náà ń lọ. Iṣẹ́ ìjọba àti báńkì máa béèrè ìwé àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ kò ní sìn mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un. Ẹni ọdún 27 tó fẹ́ wọ báńkì àti ìyá ẹni ọdún 41 tó ń ta aṣọ ní Gbági kò lè lo àmọ̀ràn kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń lé.

Ẹ̀kẹta, wákàtí. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, yúníìtì 1 dúró fún iṣẹ́ bíi wákàtí 45 lápapọ̀, ìyẹn kíláàsì àti ohun tí ẹ máa dá ṣe nílé. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 wá jẹ́ wákàtí 135. Bí wọ́n bá nà án sí ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 9 lọ́sẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8, ó di bíi 17. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5, ó di 27. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò dín kù rárá, àkókò ni wọ́n fún pọ̀. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ mẹ́fà, tó tún ń wọ mícrá láti Gbági padà sí Apẹtẹ, ẹ bá a wá ibi tí wákàtí 27 wà.

Ẹ̀kẹrin, owó. Owó tí ẹ máa fi parí ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe owó sẹ̀mẹ́sítà kan.

Ẹ̀karùn-ún ni ìlànà ìjọ. Ilé-ìwé Kristẹni kì í ṣe orúkọ lásán: ṣápẹ́ẹ̀lì wà, kọ́ọ̀sì Bíbélì wà, òfin aṣọ àti oúnjẹ lè wà pẹ̀lú. Fún ẹlòmíràn, ohun tó tìtorí rẹ̀ yàn án nìyẹn. Fún ẹlòmíràn, ìyẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó parí.

Yunifásítì ìjọ nítòsí wa, láti 200 level

Orúkọ wọn kò ṣàjèjì. Bowen ní Ìwó jẹ́ ti Onítẹ̀bọmi, ọdún 2001 ló gba ìwé àṣẹ. Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ jẹ́ ti Áńgílíkà, 2005. Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ jẹ́ ti Adventist, ó sì wà lára àwọn yunifásítì aládàáni tó kọ́kọ́ gba àṣẹ ní 1999. Joseph Ayo Babalola ní Ìkéjì-Arákejì jẹ́ ti CAC, Redeemer's sì wà ní Ẹdẹ. Nínú Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Dominican University wà ní Samonda, ti Kátólíìkì, 2016.

Direct Entry ló ń mú un yá níbí. Ẹ máa gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́wọ́ JAMB, ẹ kò ní kọ UTME, ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ ní 200 level, tí ọdún mẹ́rin fi máa di mẹ́ta. Lower credit ni ìpìlẹ̀ fún ND, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ upper. Àwọn ibòmíràn máa ń wo HND tó dára sí 300 level. Ẹ gbà á ní kíkọ, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ lórí fóònù.

Ohun tó dára jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ọdún mẹ́ta yẹn máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta lóòótọ́. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá. Àwọn yunifásítì aládàáni ń kàwé lọ ní gbogbo àkókò náà. Bí ẹ bá fi owó aládàáni wé owó yunifásítì ìjọba, ẹ ka irú oṣù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fipá gbé akẹ́kọ̀ọ́ sí họ́sítẹ̀lì. Ẹ kò lè máa gbé Bódìjà kí ẹ máa lọ sí Ọ̀yọ́ lójoojúmọ́, bí ọ̀nà Mọ́níyà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ máa gba ìwé kí ẹ tó jáde ní géètì, wọ́n sì ń mú orúkọ ní ṣápẹ́ẹ̀lì. Ní Babcock, kò sí ẹran nínú oúnjẹ ilé ìjẹun, iṣẹ́ sì dúró láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ ọdún 20 lè fara da gbogbo èyí. Ẹni tó ní ọmọ méjì àti ọ̀gá níbi iṣẹ́ kò lè fara dà á, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó máa tan ara rẹ̀.

Ní ti owó, tuition nìkan kọ́. Ẹ béèrè owó ìgbàwọlé, họ́sítẹ̀lì, oúnjẹ, owó ìdàgbàsókè, owó ìlera, owó ìdánwò àti ti ayẹyẹ ìjáde. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan, torí owó ọdún àkọ́kọ́ lè máà jọ ti ìkejì.

Ohun méjì ló máa ń ba ọ̀nà yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìfọwọ́sí. Dìgírì kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó yunifásítì, ń fọwọ́ sí, kì í ṣe yunifásítì lápapọ̀. Ìfọwọ́sí kíkún (full) máa ń wà fún ọdún 5, ti ìgbà díẹ̀ (interim) fún ọdún 2. Yunifásítì tó lórúkọ lè ní kọ́ọ̀sì òwò tí interim rẹ̀ fẹ́ parí. Ìkejì ni kọ́ọ̀sì 100 level tí ẹ fò, pàápàá àwọn GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ gbogboogbò. Wọ́n máa ń kó wọn lé Direct Entry lórí, tí 200 level fi máa wúwo ju bí ẹ ṣe rò. Bí ẹ bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì sẹ̀mẹ́sítà kìíní, ẹ máa dúró di sẹ̀mẹ́sítà kìíní ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ tó rí i kà. Ibẹ̀ ni mẹ́ta ti ń padà di mẹ́rin.

Ilé-ìwé ìsìn kì í ṣe ohun kan náà. Seminary Kátólíìkì ní Bódìjà àti Immanuel College ní Samonda jẹ́ ilé-ìwé gidi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ni. Bí ẹ bá rí kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fúnni ní BSc òwò, tí kò sí lórí àkọsílẹ̀ NUC, ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni ní Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn tí wọ́n bá sọ pé dìgírì yíyá. Indiana Wesleyan ti ń ṣe irú ẹ̀ fún àgbàlagbà òṣìṣẹ́ láti 1985. Liberty ní Virginia ń kọ́ kọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìlànà wọn jọra: yúníìtì 120 lápapọ̀, ẹ máa kà kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì nígbà kan, bí ọ̀kan bá parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Akáńtì, Economics, ìṣirò statistics, òfin òwò, ìṣàkóso, ìpolówó ọjà àti kọ́ọ̀sì ìwà ọmọlúwàbí nínú òwò ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọ́ọ̀sì Bíbélì díẹ̀. Iṣẹ́ àṣepárí kan ló máa ń kẹ́yìn, níbi tí ẹ ti máa fi gbogbo ohun tí ẹ kọ́ gbé ètò òwò kan kalẹ̀.

Yúníìtì tí wọ́n bá gbà wọlé ló ń mú un yá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fi 30 sí yúníìtì tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ kà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì lè gba tó 90 láti ibòmíràn. Kí wọ́n tó mọ iye tí HND yín jẹ́, ilé iṣẹ́ bíi WES tàbí ECE máa yẹ̀ ẹ́ wò kọ́ọ̀sì dé kọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni wàhálà transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ máàkì yín, máa ń bẹ̀rẹ̀, torí ilé-ìwé yín gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì lè pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò. Bí orúkọ inú ìwé mẹ́wàá, ti HND àti ti páásípọ́ọ̀tì kò bá bára mu, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má san owó àkọ́kọ́ títí wọ́n fi fi ìwé ránṣẹ́ pé yúníìtì báyìí ni a gbà, báyìí ló kù. Ẹni tí wọ́n gba 80 fún máa parí ní bíi ọdún kan àbọ̀. Ẹni tí wọ́n gba 20 fún ní yúníìtì 100 níwájú. Kò yẹ kí ó pe ìyẹn ní yíyá.

Ẹ fojú sí ọ̀sẹ̀ kan nínú kọ́ọ̀sì Akáńtì ọlọ́sẹ̀ márùn-ún. Ọjọ́ Ajé, orí ìwé méjì láti kà. Ọjọ́bọ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ èrò yín sí pátákó ìjíròrò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ máa fèsì fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ẹ máa ṣe ìdánwò kékeré, ẹ sì máa kó ìṣirò jọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní ni kíkọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí apá òsì àti ọ̀tún ìwé. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ṣíṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ìparí oṣù. Bí iná bá lọ tí ẹ fi pàdánù ọ̀sẹ̀ kìíní, ìwé yín kò ní dọ́gba ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì ní dọ́gba ní ìkẹta. Ní kíláàsì ọlọ́sẹ̀ 15, ẹ lè sáré bá wọn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ti wọlé sí gbèsè tí ẹ kò lè san. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má fi Akáńtì tàbí statistics pọ̀ mọ́ kọ́ọ̀sì mìíràn rárá. Ìpolówó ọjà àti ìṣàkóso, ẹ lè so wọ́n pọ̀.

Aago tún wà. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bá wà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé ní 11:59 alẹ́, ago 4:59 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ní Ìbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 5:59 nígbà òtútù wọn. Ẹ̀bùn ni fún ẹni tó ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù, ṣùgbọ́n bí IBEDC bá mú iná lọ láago mẹ́rin, kò sẹ́ni tí ẹ máa pè. Bátìrì kékeré tó lè gbé ráútà àti láptọ́ọ̀pù fún wákàtí mẹ́rin ṣe pàtàkì ju láptọ́ọ̀pù olówó gọbọi. Ìdánwò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣọ́ ni ẹ máa ṣe ní ibi tí iná ti dájú, torí bí kámẹ́rà bá kú, ìdánwò lè kú pẹ̀lú rẹ̀.

Owó wá kù. Wọ́n ń ka owó lórí yúníìtì. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ $300, yúníìtì 30 jẹ́ $9,000, 60 sì jẹ́ $18,000, láìka ìwé kíkà àti owó ìmọ̀ ẹ̀rọ. Náírà ni ewu tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan wà ní bíi ₦460 lọ́dọ̀ ìjọba. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 rí owó kan náà ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó dé àárín ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ gba báńkì kọjá, Form A ni wọ́n ń lò fún owó ilé-ìwé òkèèrè, wọ́n á sì béèrè ìwé ìgbàwọlé àti ìwé owó. Ẹ bi báńkì yín bóyá wọ́n ń gbà á fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìfọwọ́sí níbẹ̀ ní ìpele méjì. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀, bíi HLC, SACSCOC, tàbí TRACS tó wà fún ilé-ìwé Kristẹni, ni kò gbọ́dọ̀ ṣaláì sí. Ti ẹ̀kọ́ òwò, bíi ACBSP, IACBE tàbí AACSB, jẹ́ àfikún tó dára. Ẹ ṣọ́ra fún kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ wọn yọ̀ǹda fún wọn nítorí ẹ̀sìn. Ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí, oyè ẹ̀sìn ni wọ́n sì sábà máa ń torí rẹ̀ ṣe, kì í ṣe dìgírì òwò.

Nílé wá ńkọ́? NYSC máa ń béèrè ojú ewé páásípọ́ọ̀tì tó fi hàn pé ẹni tó kàwé ní òkèèrè rìnrìn àjò lọ síbẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Chálléǹjì kàwé kò ní òǹtẹ̀ kankan láti fi hàn. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó sì ń lé iṣẹ́ ìjọba, kò yẹ kó gba ibí.

BYU-Pathway

Ètò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ti ìjọ tí àwọn èèyàn ń pè ní Mormon. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ní Ìbàdàn kò gbà pé ẹ̀kọ́ ìjọ náà bá tiwọn mu, kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ìyẹn nínú ọkàn yín, torí kọ́ọ̀sì ẹ̀sìn wà níbẹ̀ tí ẹ kò lè fò. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ lè wọlé, ṣùgbọ́n ìlànà wọn kan gbogbo èèyàn: kò sí ọtí, kò sí sìgá, kò sí kọfí, kò sì sí tíì.

Ọ̀nà kẹta ni wọ́n fi ń mú un yá: wọ́n ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́ta tí yúníìtì rẹ̀ wà láàárín 90 àti 96 dípò 120, ìṣàkóso òwò sì wà lára rẹ̀. BYU-Idaho àti Ensign College ni orúkọ tó máa wà lórí ìwé. PathwayConnect, ìpìlẹ̀ kíkàwé, kíkọ̀wé àti ìṣirò, ni ọ̀pọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìwé-ẹ̀rí kéékèèké ni ẹ máa máa gbà lọ́nà, tí wọ́n máa para pọ̀ di dìgírì. Ohun tó wù wá jù nípa rẹ̀ nìyẹn: bí owó tàbí àyè bá dá yín dúró lọ́dún kejì, ohun kan ti wà lọ́wọ́ yín. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń pinnu owó rẹ̀, torí náà owó tí ará Nàìjíríà ń san kéré gan-an sí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà mìíràn.

Àìlera rẹ̀ ni pé yúníìtì 90 lè mú kí ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ lọ fún MBA, dìgírì másítà nínú òwò, máa béèrè ìbéèrè. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Ọ̀ràn NYSC tí a sọ lókè kàn án pẹ̀lú.

NOUN, kí ẹ lè rí nǹkan fi wé

Yunifásítì ìjọba tí èèyàn ń kà láti ilé ni (National Open University), kì í ṣe ilé-ìwé Kristẹni, kò sì yá jù. A mú un wá nítorí pé ẹni tó bá mọ owó rẹ̀ kò ní jẹ́ kí wọ́n fi owó mìíràn dẹ́rù bà á. Kò sí UTME, ibi ìkàwé wà ní Ìbàdàn, owó rẹ̀ wà lára èyí tó rọ̀ jù, ẹ sì lè máa ta ọjà lọ. Láti ìgbà tí wọ́n tún òfin rẹ̀ ṣe ní 2018, àwọn tó jáde níbẹ̀ lè wọ àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ àṣekó lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò jẹ́ 70. Kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi ọdún méje ka ohun tí wọ́n lè fi mẹ́rin kà.

Kọ́ọ̀sì àbọ̀-àkókò ti àwọn yunifásítì yàtọ̀ sí èyí. Ọdún mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà, wọn kì í sì í pe àwọn tó jáde níbẹ̀ sí àgùnbánirọ̀.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tó ní HND tó dára, tí MBA ló ń wù, kí ó gbàgbé BSc. PGD (ìwé-ẹ̀rí tó ṣáájú másítà) ọlọ́dún kan ní yunifásítì tí NUC fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà MBA, máa gbé e dé ibi tó ń lọ kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ BSc tó parí. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ èyí kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún 19 sí 25 tó ní ND upper credit, tí òbí tàbí ìjọ ń ràn lọ́wọ́, kí ó gba Direct Entry lọ sí yunifásítì ìjọ, kí ó rí i pé full ni ìfọwọ́sí kọ́ọ̀sì náà. Ó máa sin ìlú ní àkókò, ìwé rẹ̀ kò sì ní fa ìbéèrè.

Òṣìṣẹ́ tó ti lé ní ọgbọ̀n, tó ní ọmọ àti owó oṣù náírà nìkan, kí ó lọ sí NOUN, kí ó sì máa ka Bíbélì rẹ̀ nílé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà kò ní jẹ́ kí ó sùn, kì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́, nítorí dọ́là.

Ẹni tó ń gba owó ní dọ́là, tàbí tó ń múra láti kó lọ sí òkèèrè, tí wọ́n sì gba yúníìtì 60 ó kéré tán fún, òun ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà yẹ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, kí ó wo bí ara ṣe gbà á.

BYU-Pathway wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà òkèèrè, tí ìlànà ìjọ náà kò ni lára, tí kò sì wá iṣẹ́ ìjọba. Fún ìyàwó ilé tó ń ta ọjà lórí WhatsApp, ìwé-ẹ̀rí kékeré àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ lè tó, kí ó dá dúró níbẹ̀, kí ó fi owó tó kù kún ọjà.